Àgbá Tí A Kì Í Dé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọkọ mi, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara ń gba ibẹ̀? Èmi wà, mo le bí eegun. Orúnkún nìkan ló ń dún kẹ̀ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, tí mo bá fẹ́ dìde.

Àbúrò ẹ ló ń bá mi kọ̀wé yìí. Mo ní kó kọ gbogbo nǹkan bó ṣe jáde lẹ́nu mi, kó má tún un ṣe. Tó bá ti tiẹ̀ bọ̀ ọ́, wàá mọ̀, torí èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. (Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ ni.)

Mi ò fẹ́ràn fóònù. Lórí fóònù, "dáadáa ni, Màmá" ni gbogbo ẹ̀. Ṣé o ti jẹun? Dáadáa ni. Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Dáadáa ni. Ó kù kí n bi ẹ́ pé ṣé ilé ń jó, kó o ní dáadáa ni. Inú lẹ́tà lo ti máa ń sọ òótọ́. Ó sì ti pẹ́ tó o ti kọ ọ̀kan kẹ́yìn. Ṣé tádàwá ló tán níbẹ̀ ni?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lẹ́nu ẹ ní Sátidé tó kọjá tí mi ò tíì rí gbé mì. O ní o fẹ́ fi omi sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní, kí lo wí? Nẹ́tíwọ̀kì já. Látìgbà yẹn ni ara mi ò ti lélẹ̀. Omi kẹ̀? Nínú nǹkan tó ń lo iná? Ìwọ tí mo pariwo lé lórí títí, pé kó o nu ọwọ́ ẹ gbẹ kó o tó fọwọ́ kan súìṣì?

Mo bi bàbá ẹ kékeré, torí òun ló ń tún fíríìjì ṣe, ó yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ omi àti iná. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín ti fẹ́ se kọ̀ǹpútà jẹ ni."

Òun náà ló ń yọ mí lẹ́nu lórí ilé ẹ̀rọ. Látìgbà tí bàbá àgbà ẹ ti lọ sinmi, kò sẹ́ni tó fa ẹ́ńjìnnì yẹn dún. Àwọn tó ń gbé àgbàdo wá lọ̀ ti ń gba ibòmíì lọ. Àbúrò ẹ ló ń nu ẹ̀rọ náà, ó ń fi òróró pa á kí alángbá má bàa sọ ọ́ di ilé. Bàbá ẹ kékeré ní ká tà á kó tó dípẹtà. Mo ní kò ṣeé tà, ó ní ọlọ́wọ́, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mò ń wí. Ṣé ìwọ kọ́ ni bàbá àgbà ẹ ń pè ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ, torí pé ìró ẹ̀rọ lo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n pè kó o tó mọ "Màmá"?

Wá sílé, ọkọ mi. Tàbí kó o sọ ohun tí omi ń wá nínú kọ̀ǹpútà fún mi.

Èmi ni, ìyá àgbà ẹ tí ojú ń kán.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ìwé yìí. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ ń rántí mi. Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ akọ̀wé.

Ẹ fọkàn balẹ̀, omi ò ní kan ibi tí iná wà. Ẹ mọ iṣẹ́ mi: àwọn tó ń kọ́lé tà á ní kí n ya ilé náà sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù kankan, tòun ti oòrùn lójú fèrèsé, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè rí ohun tó ń rà. Tí mo bá yà á tán, kọ̀ǹpútà á máa kùn ún fúnra ẹ̀, ó lè kùn ún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Á gbóná bí ààrò. Fáànù inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, hùùùù, bí ìjì tó fẹ́ ká òrùlé. Tó bá gbóná jù, á kú fin-ín, á sì gbàgbé gbogbo ohun tó ti kùn.

Yàrá mi ò ju bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri mi, gáàdì ilé ìkẹ́rùsí ni. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló fi ń sùn, ọ̀sán yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà mi ń ké. Ó ti fi bàtà gbá ògiri títí ògiri fi lápàá. Ó pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé àgbàdo lẹ̀ ń lọ̀ níbẹ̀ ni?" Màmá, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àmọ́ ó ti fẹjọ́ mi sun onílé, onílé sì ní tí ariwo náà ò bá dákẹ́ kí oṣù kẹrin tó parí, kí n kó ẹrù mi. Mi ò sì rí yàrá míì tí agbára mi ká.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Màá lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Omi á gba inú irin yẹn kọjá, á gbé ooru, á gba rọ́bà lọ sínú rediétọ̀ bíi ti mọ́tò, á tutù níbẹ̀, á tún padà wá. Pọ́ǹpù kékeré kan ni á máa tì í, ike kékeré kan ló sì máa jẹ́ àgbá ẹ̀. Tí omi bá ti ń gbé ooru lọ, fáànù ò ní rí ohun tó máa ké lé lórí mọ́.

Ibi tí mo ti ń kà nípa ẹ̀ ni mo ti rántí àgbá dúdú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì Bàbá, tó ní rọ́bà méjì. Mo máa ń ki ọwọ́ bọ omi ẹ̀, á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò bi Bàbá léèrè rí. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Mi ò ṣe irú nǹkan yìí rí, Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè jókòó sójú kan, ṣe ni mò ń rìn láti ògiri dé ògiri.

Ní ti ilé ẹ̀rọ: tí nǹkan yìí bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, màá ká ẹní mi, màá wá fa ẹ́ńjìnnì yín. Tó bá yọrí, ẹ jẹ́ ká tún jọ sọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ọkọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú làálàá, o kú ìfaradà gáàdì.

Nígbà tí àbúrò ẹ ka ibi tó o ti ní wàá ká ẹní, mo pàtẹ́wọ́. (Ó jó, Bọ̀ọ̀dá. Pẹ̀lú orúnkún yẹn.) Ta ló ní kó o kọ ìyẹn?

Ká má parọ́, mò ń gbàdúrà pé kí omi ẹ ṣàn bó ṣe yẹ. Àmọ́ àdúrà náà ń tiro. Tí mo bá ti ní "Olúwa, jẹ́ kó yọrí," ọkàn mi á ti sáré lọ gbálẹ̀ yàrá ẹ. Mo ti sá tìmùtìmù ẹ sóòrùn. Má dá mi lóhùn, arúgbó ń ṣe tiẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àgbá tó o bèèrè, bó ṣe rí rèé. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á gbóná bí ẹni tí ibà mú. Omi tó ti gbóná á gba rọ́bà òkè lọ sínú àgbá, èyí tó tutù á gba rọ́bà ìsàlẹ̀ wá. Kò sí pọ́ǹpù níbẹ̀ o. Fúnra ẹ̀ ló ń rìn, bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé àna ẹ̀. Bàbá àgbà ẹ kì í bu omi kànga sí i, omi òjò ni, torí omi kànga máa ń lẹ̀ mọ́ inú irin bí ìdọ̀tí eyín. Tó bá sì pààrọ̀ rọ́bà, á po ọṣẹ kó hó, á fi pa oríkèé ẹ̀ yíká. Ibi tó bá ń wú pùkẹ̀pùkẹ̀, ibẹ̀ ń jò.

Ó wá ku èyí tó ṣe kókó jù. Má dé àgbá. Bàbá àgbà ẹ kì í dé e láéláé, ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi bá a gbé. Omi gbígbóná gbọ́dọ̀ mí. Ẹni tó bá di omi gbígbóná lẹ́nu á gbọ́ èsì ẹ̀. Ṣé o gbọ́? Ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá ẹ kékeré ní kó o kúkú gbé kọ̀ǹpútà sínú fíríìjì. Má dá òun náà lóhùn.

Ìyá àgbà ẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ ṣé gan-an. Omi òjò tí ẹ wí bá ohun tí mo kà mu. Omi tí wọ́n sè títí èéfín ẹ̀ fi ń rú, tí wọ́n wá gba èéfín náà padà di omi, ni wọ́n ní kí n lò, kó má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Mo ti rà á.

Gbogbo ohun èlò ti dé. Wọ́n ti gba orí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń sùn nílẹ̀. Mo wọn rọ́bà, mo tún un wọ̀n, mo gé e, ó ṣì kúrú. Mo ra òmíì. Mo fi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé ẹ̀ bíi ti Bàbá, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Kò wú níbì kankan.

Sátidé yìí ni màá rọ omi sí i. Màá yọ iná kúrò lára kọ̀ǹpútà, pọ́ǹpù nìkan ni màá tàn, kí n fi mọ̀ bóyá ó ń jò. Àwọn tó kọ̀wé nípa ẹ̀ ní kí n dé ike omi náà pa. Ẹ̀yin ní kí n má dé e. Tiyín ni màá tẹ̀ lé. Bàbá ti ń lo àgbá kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ fi mí sádùúrà, ẹ jọ̀ọ́, kó má tiro lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Ọkọ mi,

Kí ló dé?

A pè ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní, omi ńkọ́? O ní dáadáa ni. Mo ní, kọ̀ǹpútà ńkọ́? O ní dáadáa ni. Mo ní, ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? O ní "dáadáa ni, Màmá, ẹ jẹ́ n pè yín padà." O ò pè. Dáadáa mẹ́ta lẹ́nu ẹnì kan, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mi ò lè jókòó. Mo gbá ilé ẹ̀rọ, mo gbá a tán, mo tún un gbá. Àbúrò ẹ ní, "Màmá, ilẹ̀ yìí ti fẹ́ máa bẹ̀ yín." Mo lọ dúró síwájú àgbá, mò ń wo ẹnu ẹ̀, ó sì la ẹnu ń wò mí. Mo ní, kí lèmi sọ fún ọmọ yìí gan-an?

Bàbá ẹ kékeré mú ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ wá. Ọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ lu àgbá lára, gbọ̀-ọ̀n, bí ẹni ń yẹ ìbẹ́pẹ wò bóyá ó pọ́n. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ọmọ mi ń bọ̀. Bàbá ẹ kékeré ní, "Ta ló sọ fún yín pé ó ń bọ̀?" Ọkùnrin náà ní òun á padà wá kí oṣù tó parí.

Kọ̀wé. Bó bá ti wù kó rí, kọ ọ́. (Bọ̀ọ̀dá, ẹ dáhùn. Wọn ò jẹun dáadáa. Tí ọ̀kadà bá ti dún lójú ọ̀nà, wọ́n á ti dìde.)

Ìyá àgbà ẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ forí jì mí. Lẹ́tà yín dé, mi ò sì lè sọ dáadáa kẹrin.

Mo rọ omi lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, omi ń lọ, omi ń bọ̀, kò sí ibi tó ń jò. Mo jó díẹ̀. Àmọ́ atẹ́gùn há sínú rediétọ̀, ó ń dún gbùlùgbùlù. Wọ́n ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kéèyàn gbé kọ̀ǹpútà náà, kó fì í sọ́tùn-ún, kó fì í sósì, kí atẹ́gùn lè jáde, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tó mu ọmú tán lé èjìká kó lè gùfẹ̀. Mo gbé e. Mo fì í. Mi ò dé ike omi náà, torí ẹ̀yin lẹ ní kí n má dé e. Gbogbo omi ẹ̀ dà sórí ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo dúró, mo gbé e dání, omi ń kán sórí bàtà mi, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Orí ló yọ mí, iná ò sí lára ẹ̀. Wọ́n ní tó bá gbẹ délẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jí. Mo tú u palẹ̀, mo sá a sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni sá àgbàdo.

Ìgbà tó ṣe díẹ̀ tí ariwo ò dún, gáàdì kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìjà ló tún dé. Ó yọjú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló kú?" Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ojú mi, ó jáde. Ó gbé fáànù tiẹ̀ wá, ó kọjú ẹ̀ sí àwọn irin náà, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ò rí oorun sùn nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, gbogbo ìgbà lòun ń retí pé á bẹ̀rẹ̀.

Ó ti gbẹ. Mo ti tò ó padà, mo ti rọ omi, mo ti dé e. Ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Tó bá kú, kò síṣẹ́ mọ́, tí ò bá síṣẹ́, kò sí yàrá, ilé ni mò ń bọ̀ nìyẹn. Ìka mi á débẹ̀, á padà. Màmá, mi ò bá yín wí. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi bí mo ṣe sọ fún yín: ṣé ẹ fẹ́ kó jí, àbí ẹ ò fẹ́?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọ̀gá Ẹ̀rọ,

Má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí àbúrò ẹ ka ibi tó o ti ń mú kọ̀ǹpútà gùfẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀yìn ẹ̀ ni omi wá ń bọ́ lójú mi. Ọkọ mi, ta ló ń gbé àgbá ilé ẹ̀rọ fì? Géńdé mẹ́rin ò lè mì í! Bàbá ẹ kékeré ló là á yé mi: ooru máa ń fa omi àgbá yẹn gbẹ, bàbá àgbà ẹ sì ń bu omi kún un ṣáá, ìyẹn ni kì í fi í dé e. Èmi rí i ní ṣíṣí, mo sọ ọ́ di òfin, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ. Pẹ̀lẹ́.

O ní kí n sọ òótọ́. Mi ò fẹ́ kó jí. Látìgbà tó o ti kọ̀wé pé wàá ká ẹní ni mi ò ti fẹ́. Mo fẹ́ kó o wà níbi tí mo ti lè gbọ́ ohùn ẹ láìsí pé nẹ́tíwọ̀kì ń já. Òótọ́ rèé.

Àmọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin yẹn padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ẹ̀rọ náà kóun tó rà á. Bàbá ẹ kékeré fà á, fà á, ẹ́ńjìnnì kàn ń wúkọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó tún fà á. Ó bú u. Àbúrò ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún." Ó gbé irin kékeré orí ẹ̀ tó máa ń jẹ́ kó rọrùn yí sókè, ó kán òróró sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá yí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá yára, ó jẹ́ kí irin náà bọ́ sílẹ̀. Gbọ̀. Gbọ̀. Gbọ̀gbọ̀gbọ̀gbọ̀! Èéfín bo gbogbo wa. Kí n tó mọ̀, obìnrin kan ti yọ orí lójú ọ̀nà, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ń lọ̀ ni? Ẹ jẹ́ n lọ gbé tèmi!"

Mo ní, ìgbà wo lo mọ̀ ọ́n? Ó ní òun ló máa ń bá bàbá àgbà gbé fìtílà dání tí wọ́n bá ń tún un ṣe. (Mo sọ fún yín rí, Màmá. Ẹ ní Bọ̀ọ̀dá ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ.) Ọkùnrin yẹn wá fẹ́ fowó kún owó. Mo ní kó máa lọ, a ti ń lo ẹ̀rọ wa.

Torí náà, má wálé nítorí ẹ̀rọ. Ó ti ní ọlọ́wọ́. Tó o bá ń bọ̀, èmi ni kó o wá wò, èmi ò sì dípẹtà. Tẹ bọ́tìnnì yẹn. Mo ti tún àdúrà náà gbà, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró.

Ìyá àgbà ẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ó jí.

Mò ń ka lẹ́tà yín sókè fún gáàdì. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó na ìka ẹ̀ kọjá èjìká mi, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe màmá ẹ ló sọ̀rọ̀ ni?" Iná tàn. Mò ń retí ariwo, kò dé. Mo gbé ilé kan sí i pé kó kùn, ilé ńlá alájà mẹ́ta, ó kùn ún tán láìgbóná. Tí mi ò bá gbé etí lé e, mi ò ní mọ̀ pé omi ń yí nínú ẹ̀. Gáàdì ti lọ sùn. Ìhanrun tiẹ̀ ni mò ń gbọ́ látẹ̀yìn ògiri báyìí, èmi ò sì jẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sun onílé.

Mo dúró síbí, Màmá. Iṣẹ́ ti ń wọlé padà. Àmọ́ yàrá yìí ti wá dákẹ́ jù. Mi ò mọ̀ pé ariwo yẹn ló ń bá mi gbé. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń lọ àgbàdo, ẹ pè mí, kí ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.

Tí ọdún yìí bá parí, màá wá wò yín. Ẹ̀yin gan-an.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọkọ mi,

Má wo dúdú tó wà lórí ìwé yìí, òróró ẹ́ńjìnnì ni. Akọ̀wé mi ò ráyè fọwọ́, èrò ti tò dé ojú ọ̀nà. (Ẹ bá mi kí gáàdì. Mi ò gba oyè Ọ̀gá Ẹ̀rọ o, ẹ ti lò ó gbó. Màá wá tèmi.)

Bàbá ẹ kékeré ti bá wa rọ ìdérí fún àgbá. A ò dé e. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

A ó pè ẹ́ ní Sátidé. Màá gbé fóònù síbi tó o ní kí n gbé e sí, màá pa ẹnu mi dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ló máa le jù níbẹ̀. Tó o bá ti gbọ́ tiwa tó, ìwọ náà gbé fóònù ẹ sún mọ́ kọ̀ǹpútà ẹ. O ní kì í dún mọ́. Kò burú. Màá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà ẹ.